Ta Ni Àwọn Ìwé Faransé Wọ̀nyí Ń Bá Sọ̀rọ̀?

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí nígbà tí mo padà jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ọmọ ilé ìwé. Faransé ni mo lọ kọ́. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Káyọ̀dé, eyín ń ká lẹ́nu yín, ẹ wá fẹ́ máa fi imú sọ̀rọ̀!"

Ohun tó gbé mi débẹ̀ kò ju ọmọdé kan lọ. Ọmọkùnrin mi ń ṣiṣẹ́ ní Lomé. Ibẹ̀ ló ti fẹ́yàwó, ọmọ Ewe ni ìyàwó náà, wọ́n sì bí ọmọbìnrin kan. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́rin, wọ́n mú un wá kí wa l'Ékòó nígbà ọdún Kérésì. Ọmọ kúnlẹ̀ dáadáa, ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó la ẹnu, Faransé ló jáde. Mo dá a lóhùn ní Yorùbá, ó wo ojú bàbá rẹ̀. Mo tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó tún wo ojú bàbá rẹ̀. Ọjọ́ méje gbáko ni èmi àti ẹ̀jẹ̀ mi fi bá ara wa sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ògbufọ̀ láàárín. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń padà, ó rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn lẹ́nu mọ́tò, ó sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan fún mi. Bàbá rẹ̀ ń bá dírẹ́bà ṣírò owó lọ́wọ́, kò gbọ́. Mo kàn ń mi orí ṣáá ni. Títí dòní, n ò mọ ohun tí ọmọ náà sọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìtàn ara mi kọ́ ni mo fẹ́ fi kún ojú ewé yìí o. Ọ̀rọ̀ ìwé ni mo bá wá. Láàárín ọdún mẹ́ta tí mo fi ń jà mọ́ Faransé yìí, mo ti ra ìwé, mo ti yá ìwé, mo ti tẹ fóònù títí àtàǹpàkò mi fi ń dùn mí. Mo fẹ́ sọ ohun tó dára nínú wọn àti ibi tí wọ́n ti já wa kulẹ̀, àwa àgbà tó jẹ́ pé Yorùbá ló wà lẹ́nu wa kí Faransé tó dé.

ÌWÉ ALÁWỌ̀ BÚLÚÙ

Èyí tí mo kọ́kọ́ gbé ni ìwé Gaston Mauger, tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní Paris ní ọdún 1953. Nítorí àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, "Mauger Búlúù" ni gbogbo ayé ń pè é. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti kọ́ Faransé ní ẹgbẹ́ Alliance Française káàkiri àgbáyé ló mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Faransé pátá ló fi ń kọ́ni láti ojú ewé àkọ́kọ́, kò sí ìtumọ̀ kankan. Àwòrán ló fi ń ṣàlàyé. Gírámà rẹ̀ sì tò bí ìgbà tí bíríkìlà bá ń to búlọ́ọ̀kù: èyí tó kàn kò ní gun orí èyí tó wà nísàlẹ̀ títí ìyẹn yóò fi gbẹ.

N ò ní bú ìwé yìí. Ẹni tó bá kà á tán yóò mọ gírámà Faransé ju ọ̀pọ̀ ọmọ Faransé lọ. Ṣùgbọ́n ìdílé Vincent ni a ń tẹ̀lé nínú rẹ̀, àwọn wọ̀nyí ń rin ìrìn àjò lọ sí Paris, wọ́n ń wo ilé ńláńlá, wọ́n ń yin ẹwà ìlú. Mo bá wọn rìn títí. Ó wá di ọjọ́ kan, mo wọ mọ́tò lọ sí Kútọnu láti fi ẹnu mi dán an wò. Ọkùnrin kan tó gun alùpùpù dúró níwájú mi, wọ́n ní zémidjan ni òun. Lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n to ìgò epo bẹntiróòlù kalẹ̀, wọ́n ní kpayo ni. Obìnrin tó ń ta oúnjẹ rí mi, ó ní "Bonne arrivée!" Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ìdílé Vincent kọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ "bonne arrivée" yẹn, kí ni bí kò ṣe "ẹ kú àbọ̀" wa tó wọ ẹ̀wù Faransé? Àwọn èèyàn ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà rí i pé Faransé kò ní kíkí tó tó, wọ́n bá rán an ní tiwọn. Ìwé tí a ṣe ní Paris kò ní í mọ̀ bẹ́ẹ̀.

ÌWÉ TÓ NÍ KÒ NÍ DÙN WÁ

Èkejì ni Assimil. Alphonse Chérel ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1929, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi bẹ̀rẹ̀, ó ń kọ́ àwọn Faransé. "Láìsí ìrora" ni wọ́n kọ sí i lára. Ọ̀nà rẹ̀ rọrùn: ìtàkùrọ̀sọ kékeré lójú ewé kan, ìtumọ̀ rẹ̀ lójú ewé kejì, díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kíkà àti gbígbọ́ nìkan ni iṣẹ́ rẹ. Tó o bá ti rìn jìnnà, wàá wá padà sí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, wàá máa fi ẹnu ara rẹ tún un sọ. Bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn, ó ń gbọ́ fún ìgbà pípẹ́ kó tó fèsì.

Èyí bá àgbà lára mu, torí ó bọ̀wọ̀ fún àkókò rẹ̀. Ìṣẹ́jú ogún lójúmọ́ tó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú àwọn ìtàkùrọ̀sọ náà lè mú èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Eugène Ionesco, ọmọ ilẹ̀ Romania tó ń gbé ní ilẹ̀ Faransé, ti lé ní ogójì ọdún díẹ̀ tàbí kó kù díẹ̀ kó pé e nígbà tó gbé ìwé Assimil láti fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń da gbólóhùn kọ. Ó wá rí i pé ìwé náà ń sọ òtítọ́ tí kò sẹ́ni tó bi í: pé ọjọ́ méje ló wà nínú ọ̀sẹ̀, pé ilẹ̀ wà nísàlẹ̀, àjà wà lókè. Àwọn tọkọtaya inú ìwé ń sọ fún ara wọn ohun tí àwọn méjèèjì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà yà á lẹ́nu débi pé ó sọ ọ́ di eré orí ìtàgé, La Cantatrice chauve, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Paris ní ọdún 1950. Láti 1957 ni wọ́n sì ti ń ṣe é ní ilé ìṣeré kékeré kan tó ń jẹ́ Théâtre de la Huchette. Ionesco kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ṣùgbọ́n ó di ògbóǹtarìgì. Àǹfààní àgbà tó ń kọ́ èdè nìyẹn: ojú rẹ̀ ti là, ó lè rí ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbi tí ọmọdé ti ń kọ́ àkọ́sórí.

Kí ló fà á tí ìwé fi ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ìdí ni pé ó ṣòro láti mọ ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń lò ní tòótọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Georges Gougenheim àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ká ilẹ̀ Faransé, wọ́n gba ohùn èèyàn 275 sílẹ̀, wọ́n ka ọ̀rọ̀ tó lé ní 300,000. Ohun tí wọ́n rí yà wọ́n lẹ́nu. Àwọn ọ̀rọ̀ bíi fọ́ọ̀kì, tí kò sí ọmọ Faransé tí kò mọ̀ ọ́n, fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ó wà lórí tábìlì, ta ló ń dárúkọ rẹ̀? Wọ́n ní láti lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé pé kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tó bá sọ sí wọn lọ́kàn nípa oúnjẹ, nípa aṣọ, nípa ilé, kí irú àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tó jáde. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn púpọ̀. Àwọn wọ̀nyí kọ́kọ́ tẹ́tí sílẹ̀ ná kí wọ́n tó kọ ìwé. Ìbéèrè mi ni pé: ta ló ti gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí ẹnu ibodè Sẹ̀mẹ̀ láti mọ ọ̀rọ̀ tí àwa nílò?

FÓÒNÙ ATÀǸPÀKÒ

Ẹ̀kẹta ni Duolingo inú fóònù, tó ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé ní ọdún 2012. Ọmọ mi ló fi sórí fóònù mi. Ọ̀fẹ́ ni. Ó ń yìn mí bí ìyá ìkókó. Mo tẹ ọ̀kan, ó hó yèè. Mo ṣì í, ó ní kí n má bínú, kí n tún un tẹ̀. Ó ń ka iye ọjọ́ tí n kò fi já ẹ̀kọ́, ẹ̀rù sì ń bà mí kí ìwọ̀n náà má já ju bí ẹ̀rù Faransé fúnra rẹ̀ ti ń bà mí lọ. Mo ka ọjọ́ igba ó lé. Lọ́jọ́ tí mo wá tẹ̀ Lomé láago, tí ọmọ-ọmọ mi gbé fóònù, ahọ́n mi kú sẹ́nu. Àtàǹpàkò mi ló ti mọ Faransé, ẹnu mi ò tíì mọ̀ ọ́n.

OHUN TÍ GBOGBO WỌN FI SÍLẸ̀

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ẹ̀sùn mi gan-an. Ìwé búlúù bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀ lápapọ̀, torí náà kò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀. Àwọn méjì yòókù, Gẹ̀ẹ́sì ni mo gbà wọlé sínú wọn, wọ́n sì ń kìlọ̀ fún mi nípa ohun tó ń yọ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu. Wọ́n ń bẹ̀rù níbi tí kò sí ejò, wọ́n ń fi àyà balẹ̀ rìn níbi tí ejò wà.

Ẹ wo nọ́ńbà. Gbogbo ìwé tó tọ Gẹ̀ẹ́sì wá ló ń ké pé wàhálà dé tí wọ́n bá kan 80, torí Faransé ń pè é ní quatre-vingts, ìyẹn ogún mẹ́rin. Wọ́n ní kí a ní sùúrù, pé àṣà àtijọ́ tó ṣòro ni. Ó ṣòro fún ta? Kí ni ọgọ́rin bí kò ṣe ogún mẹ́rin? Kí ni ọgọ́ta bí kò ṣe ogún mẹ́ta? Ìyá àgbà tí kò ka ìwé rí ń ka ogún lọ́nà mẹ́rin kí oúnjẹ àárọ̀ tó jinná. Ibi tí a ti yàtọ̀ síra ni pé Faransé ń rò kún, Yorùbá ń yọ kúrò. Ní 70, Faransé ní ọgọ́ta àti mẹ́wàá. Àwa ní àádọ́rin, ogún mẹ́rin ó dín mẹ́wàá. Ní 90, wọ́n ní ogún mẹ́rin àti mẹ́wàá. Àwa ní àádọ́rùn-ún, ogún márùn-ún ó dín mẹ́wàá. Gbólóhùn kan ṣoṣo nìyẹn. Bí ìwé kan bá ti sọ ọ́ fún mi bẹ́ẹ̀, ǹ bá ti fi oṣù kan gba ara mi lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó séfà.

Ẹ wo ohùn ọ̀rọ̀. Wọ́n ní é àti è Faransé máa ń da èèyàn láàmú. A dúpẹ́, e àti ẹ ni. Wọ́n ní o méjì ló wà. Bẹ́ẹ̀ ni, o àti ọ. Wọ́n ní kí a fún imú láti pe "bon". Ẹni tó bá ti pe ìbọn rí ti pè é tán. "Vin" ń kọ́? Ìparí "ìyẹn" ló wà nídìí rẹ̀. Wọ́n tún fi ojú ewé méjì ṣàlàyé ìdí tí le àti ami fi di l'ami. Àwa tó ń ra aṣọ tó di raṣọ, tó ń gbé ọmọ tó di gbọ́mọ, ṣé a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ìpajẹ ni?

Níbi tí ejò wà, wọn ò sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé "bon" àti "banc" yóò di ọ̀kan náà lẹ́nu mi, torí an àti ọn jẹ́ ọmọ ìyá kan náà ní Yorùbá. Kò sẹ́ni tó sọ pé v yóò di f, àti pé z yóò di s. Nínú kíláàsì, mo fẹ́ fi han tísà pé mo ti mọ z. A ń ṣeré ilé oúnjẹ. Dípò kí n béèrè ẹja, tó ní s, mo fi z sí i pẹ̀lú agídí. Májèlé ni mo béèrè. Bí mo bá fi ahọ́n Yorùbá mi sílẹ̀ bó ṣe wà ni, ẹja ni wọn ì bá gbé wá! Tísà náà rẹ́rìn-ín, ó pe tísà kejì kó wá gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. N ò padà sí kíláàsì náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹ wo akọ àti abo. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tí "ó" kan ṣoṣo tó fún ọkùnrin, obìnrin àti ewúrẹ́, mo béèrè pé ta ló yẹ tábìlì wò tó fi mọ̀ pé abo ni. Àwọn ìwé to òfin jọ fún mi, òfin kọ̀ọ̀kan sì ní àwọn tó ń rú u. Ohun tó là mí ni ìrántí kan: ta ló kọ́ mi ní òfin tó mú kí ọkọ jẹ́ ti ìyàwó, kí ọkọ́ jẹ́ ti oko, kí ọkọ̀ jẹ́ ti ojú títì? Kò sí. Ohùn bá ọ̀rọ̀ wá látilẹ̀, a ò lè bọ́ ọ kúrò lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni la ṣe bá table wá. Kí èèyàn má kọ́ table rárá. La table ni kó kọ́, bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Látìgbà tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, àṣìṣe mi ti dín kù dé ìdajì.

Èyí tó jinlẹ̀ jù ni tu àti vous. Ìwé ń làágùn láti ṣàlàyé fún ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì pé "ẹ̀yin" lè jẹ́ ẹnì kan. Ìyẹn ò ṣòro fún wa. Ohun tí wọ́n ì bá kìlọ̀ fún wa ni pé ọjọ́ orí kọ́ ló ń pín in lọ́dọ̀ Faransé. Àgbàlagbà á pe ọ̀dọ́ tí kò mọ̀ rí ní vous, ọmọ á sì pe ìyá tó bí i ní tu. Lọ́jọ́ tí mo kan ẹ̀kọ́ yìí ni mo tó mọ̀ pé láti ọjọ́ yìí wá, "ìwọ" ni ọmọ-ọmọ mi ń pè mí. Mo sọ fún ìyàwó mi. Ó ní, "Ìwọ kẹ̀? Bàbá àgbà rẹ̀?" Inú bí i fún odidi ọjọ́ kan. Èmi náà ronú sí i. Mo wá rí i pé ọmọ náà kò rí mi fín o. Tu ni ọ̀rọ̀ ẹni tó súnmọ́ni. Vous ni ì bá sọ mí di àlejò. Ìwé wo ló yẹ kó ti sọ ìyẹn fún mi bí kò ṣe èyí tó mọ ohun tí "ìwọ" ń ṣe sí etí Yorùbá?

ÌTÌJÚ ÀGBÀ

Ará Amẹ́ríkà kan, David Sedaris, ti kọ̀wé nípa ìtìjú àgbà tó ń kọ́ Faransé. Me Talk Pretty One Day ló ń jẹ́, ó jáde ní ọdún 2000. Ẹni ọdún 41 ni nígbà tó wọ kíláàsì ní Paris, lọ́wọ́ olùkọ́ obìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Ibi tó dùn jù ni ìparí: lọ́jọ́ kan, obìnrin náà ń bú u, ó sì ṣàdédé rí i pé gbogbo èébú náà ni òun gbọ́ yéké. Inú rẹ̀ dùn! Ẹni tí kò bá kọ́ èdè lágbà rí kò lè mọ ayọ̀ yẹn. Ibi kan tún wà tí gbogbo kíláàsì ti fẹ́ fi Faransé tí kò tó nǹkan ṣàlàyé ọdún Àjíǹde fún obìnrin Mòrókò kan. Mo rẹ́rìn-ín títí. Àléébù ìwé náà, lójú tèmi, ni pé ó fi ẹ̀rín bo ìtìjú náà mọ́lẹ̀ jù. Sedaris lè wọ ọkọ̀ òfurufú padà sílé. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé tí wọn ò bá gbọ́ èdè náà, oúnjẹ ò sí.

Ìtìjú yìí ló ń mú wa sọ pé "ọjọ́ ti lọ, agbárí ti gbó." Irọ́ ni. Ní ọdún 1978, Catherine Snow àti Marian Hoefnagel-Höhle tẹ ìwádìí jáde nípa àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì tó kó lọ sí ilẹ̀ Netherlands. Ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, àwọn ọ̀dọ́langba àti àwọn àgbà ló yára kọ́ èdè náà jù; àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ló gbẹ́yìn. Ohùn ẹnu ni ọmọdé fi ń jù wá lọ tó bá yá, kì í ṣe òye. Àgbà ní ohun tí ọmọdé kò ní: ó ti ní èdè kan lọ́wọ́ tó lè fi wọn èkejì.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bínú sí ìwé tó ní kí n fi Yorùbá mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ní 1953 kan náà tí Mauger tẹ ìwé rẹ̀, òǹkọ̀wé Faransé Raymond Queneau tẹ ìtumọ̀ The Palm-Wine Drinkard ti Amos Tútùọlá jáde, ó pè é ní L'Ivrogne dans la brousse. Ó tẹ Faransé títí ó fi ráyè gba ọmọ Abẹ́òkúta wọlé. Bí Faransé bá lè tẹ̀ fún ọ̀mùtí inú ìtàn, kí ló dé tí kò lè tẹ̀ fún wa nínú ìwé ẹ̀kọ́?

Ní 1996, ìjọba wa kéde pé Faransé yóò di èdè àmúlò kejì ní Nàìjíríà. Ìkéde kì í kọ́ni ní èdè. Ohun tí mo ń béèrè kéré: ìwé kan ní Yorùbá, fún àgbà, tí ẹ̀kọ́ kìíní rẹ̀ jẹ́ kíkí, èkejì owó séfà, ẹ̀kẹta zémidjan, ẹ̀kẹrin bí a ṣe ń bá ọmọ wa sọ̀rọ̀. Àwọn Yorùbá Kétu, Sákétè àti Pobè, tó ti lọ ilé ìwé Faransé látọjọ́ tó ti pẹ́, tó sì ń fi Yorùbá sùn, ló yẹ kí wọ́n bá wa kọ ọ́. Ta ló tún mọ ilé méjèèjì jù wọ́n lọ?

Lóṣù tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi pè mí láti Lomé. Ó ti pé ọdún méje báyìí. Mo bi í ní Faransé pé kí ló sọ fún mi lẹ́nu mọ́tò lọ́jọ́sí. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun ò rántí mọ́. Lẹ́yìn náà, ó ní la voiture ni wọ́n ń pè é, pé kì í ṣe le. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì tún un pè.